Táyà kì í ṣe adájọ́

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo yín ti gbọ́. Ẹ ti gbọ́ ọ ní ọjà Ouando. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn zémíjàn níbi tí wọ́n ti ń dúró de èrò. Wọ́n ní: «Àjàṣẹ́ ti bàjẹ́. Olè ti pọ̀ jù. Ọlọ́pàá kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ẹ mú táyà wá, ẹ mú epo wá.» Bí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó kù a mi orí. Ìyá tó ń ta àkàrà a mi orí. Tísà a mi orí. Ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ìsìn a mi orí.

Àwa kò mi orí. A fẹ́ bá ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà jà lónìí, ọ̀rọ̀ náà ni a ó sì fi bá a jà.

Ó ní olè ti pọ̀ jù. Ó dára. Ta ló kà wọ́n?

Ẹ mú pẹ́ńsùlù, kí a jọ ṣe ìṣirò kan. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2002, àwọn tó ń gbé Àjàṣẹ́ jẹ́ 223 552. Nígbà tí wọ́n tún kà ní ọdún 2013, wọ́n ti di 264 320. Ènìyàn 40 768 ló kún ìlú láàárín ọdún mọ́kànlá. Wàyí o, ká sọ pé wọ́n fọ́ ilé 20 ní oṣù kan ní ọdún 2002, kí wọ́n sì fọ́ ilé 22 ní oṣù kan náà ní ọdún 2013. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sọ́jà pé ìwé ìròyìn ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́nu ọjà yóò ké pé olè ti pọ̀ sí i. Ó rí 22, ó rántí 20, ó tán lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pín iye ilé tí wọ́n fọ́ sí iye ènìyàn ìlú. Ní 2002, nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, èyí tí í ṣe 100 000, ilé tí wọ́n fọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9. Ní 2013, ó fi díẹ̀ ju 8 lọ. Iye ti pọ̀ sí i, ìwọ̀n ti dín kù. Nǹkan méjì ni iye àti ìwọ̀n. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, olóṣèlú yóò fi dẹ́rù bà á nígbà ìbò, ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn irin yóò sì fi gba owó rẹ̀.

Ọ̀fìn mìíràn tún wà níbẹ̀. Olè tí a kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn kò sí nínú ìwé. Bí àdúgbò kan bá ní ẹjọ́ 5 nínú ìwé kòmísáríà, tí àdúgbò kejì ní 50, ẹ má ṣe yára sọ pé ọ̀run ni ti àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ti sú, tí wọ́n sì dákẹ́. Ìwé kòmísáríà lè wú nítorí pé àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, ẹnì kan yóò gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwa wí pé olè kò sí. Olè wà. A mọ zémíjàn tí wọ́n yọ ọ̀bẹ sí, tí wọ́n gba alùpùpù tó fi gbèsè rà lọ́wọ́ rẹ̀. A mọ ìyá ọlọ́jà tí kò lè ti ọjà alẹ́ dé mọ́ àfi kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ pàdé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kó ilé rẹ̀ kò rí ìwọ̀n sọ fún ara rẹ̀ ní òru, ìbẹ̀rù nìkan ló rí. Ìbínú rẹ̀ tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni ibi tí wọ́n ń darí ìbínú náà sí.

Nítorí kí ló dé tí wọn kì í lọ fẹjọ́ sùn? Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Èsì àkọ́kọ́: èdè. Ìyá tó mọ Yorùbá, tó mọ Gùn, tó ń fi méjèèjì náwó lójoojúmọ́, dé iwájú tábìlì, wọ́n ń fi Faransé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n kà á fún un ní Faransé. Wọ́n ní kó tẹ ìka. Ó tẹ ìka sí ohun tí kò mọ̀. Èsì kejì: «Padà wá lọ́la.» Ó padà wá lọ́la, ọ̀gá kò sí. Ó padà wá ní ọ̀túnla, owó tó fi wọ zémíjàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó fóònù tí wọ́n jí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n ti da ọlọ́pàá àti jándáàmù pọ̀, tí wọ́n ń jẹ́ Ọlọ́pàá Olómìnira. Aṣọ ti yí padà, orúkọ ti yí padà. Ẹni tó wọ aṣọ náà ní láti mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó bá sọ fún aláìní kan pé kó padà wá lọ́la, ó ti ta gálọ́ọ̀nù epo kan fún àwọn tó ń dáná sun ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni. A ti dé ibi epo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ké pé «ẹ mú epo wá», a bi yín: epo wo? Kpayo ni. Epo tí ó gba ẹ̀yìn ibodè wọlé, tí kò san owó orí, tí a rọ sínú ìgò, tí a tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. A kò bínú sí ẹni tó ń tà á. Ebi ló gbé e jókòó sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: wọ́n fẹ́ fi ohun tí ó rú òfin jó ẹni tí wọ́n ní ó rú òfin, olè ẹ̀gbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fáà, tí wọn kò tíì wádìí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ààbò ìlú là ń sọ, epo yìí ti pa ju olè lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní Sèmè-Kraké lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ pamọ́ sí gbiná. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú. Kò sí olè kan ní Àjàṣẹ́ tó pa 34 ní ọjọ́ kan. Síbẹ̀ ta ló ké pé kí ẹnikẹ́ni mú táyà wá nítorí ìyẹn? Ikú tó bá wọlé pẹ̀lú ariwo là ń pè ní ìwà ọ̀daràn. Èyí tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa nínú ìgò, a máa ń kí i ní ẹ káàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ «ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀». Ta ni ọwọ́ máa ń tẹ̀? Ṣé ọ̀gá olè ni? Rárá. Ẹni tí kò lè sáré ni. Àjèjì tí kò mọ ojú ọ̀nà ni. Wèrè tó wọ àgbàlá tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ebi ń pa ni. Tàbí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rárá. Ṣé ẹ ti gbàgbé Kútọnu ní oṣù kọkànlá ọdún 2001? Àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń fi oògùn mú nǹkan ọmọkùnrin lọ bí wọ́n bá bọ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹnì kan á ké, àwọn èrò á pé jọ, iná á ràn. Wọ́n sun àwọn ènìyàn láàyè ní ojú ọ̀sán gangan. Nítorí kí ni? Nítorí ohun tí dókítà kan ìbá fi ìṣẹ́jú kan wò, kí ó sì sọ pé irọ́ ni.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní 1999, ní ìhà Kufó, ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Dévi kó àwọn èwe jọ, ó ní òun ń lé olè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n yìn ín. Wọ́n ní ìbàlẹ̀ ọkàn ti dé. Àwọn tí wọ́n dáná sun kò ṣe é kà lórí ìka ọwọ́ mọ́. Nígbà tí ó yá, ẹni tó bá ní ìjà ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ ti lè pè ọ́ ní olè. Ẹni tó jẹ ọ́ lówó ti lè pè ọ́ ní olè. Báyìí ni iná yìí ṣe ń ṣe níbi gbogbo: kì í béèrè orúkọ, ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá sọ sínú rẹ̀.

Àwọn baba wa ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Níbi táyà, a kò tilẹ̀ gbẹ́jọ́ ẹnì kan. Ariwo nìkan la gbọ́.

Ìlú wo la wà tí a ń sọ èyí sí? Àjàṣẹ́ ni, Họgbonu. Ìlú tí àwọn Yorùbá ti ń ṣọdẹ, tí Te-Agbanlin ti Alada wá tẹ ìjọba dó sí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, tí àwọn ará Pọtogí sọ ní Porto-Novo nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá ra ènìyàn. Ẹ gbọ́ o: wá ra ènìyàn. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ènìyàn tà fún wọn? Ogun kó púpọ̀. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ jí àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn nílé: ó jalè, ó jẹ gbèsè, àjẹ́ ni. Ẹ̀sùn ti tó. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n nígbà mìíràn ló jẹ nínú owó wọn.

Àwọn tó ti ibẹ̀ padà wà láàárín wa. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde sí àwọn olówó wọn ní Bàhíà ní ọdún 1835, ìjọba Bùràsílì lé àwọn kan kúrò, àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n sì wọkọ̀ bọ̀ wá sí etíkun wa. Ọmọ wọn ni a ń pè ní Àgùdà. Ọwọ́ wọn ló kọ́ Mọ́sáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ tí àlejò ń rí tí ó ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ni wọ́n fi ojú inú wò kọ́ ọ. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá ya fọ́tò rẹ̀. Ṣé abẹ́ ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ la ó ti máa fi ẹ̀sùn lásán pa ènìyàn?

Àwọn kan ń dá wa lóhùn pé: «Láyé àtijọ́, Zangbeto ń ṣọ́ ìlú, olè kò sí.» Ó dára tí ẹ dárúkọ Zangbeto. Ẹni òru ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè Gùn, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú orúkọ náà. Ó ń rìn. Ó ń rìn ní òru nígbà tí ìwọ ń sùn, ó ń fọhùn kí ọmọ olè lè mọ̀ pé ojú wà lóde. Àwọn tó ń ṣe é ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ní àgbà, àgbà ní ẹni tó ń bi í léèrè. Àwọn tó ń mú táyà kò rin òru kankan. Wọ́n ń sùn títí ariwo fi sọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde wá pa ènìyàn, wọ́n sì padà lọ sùn. Kò sí orúkọ wọn níbì kankan. Ní àárọ̀, tí ẹ bá béèrè ẹni tó ṣá ná, gbogbo wọn ni wọ́n rìnrìn àjò lánàá. Ẹ má ṣe fi wọ́n wé ọlọ́dẹ.

Òfin ńkọ́? Òfin Ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ ní ẹsẹ 17 pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, aláìṣẹ̀ ni títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ẹsẹ 18 sọ pé a kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé adájọ́ rí i, kí ó sì pàṣẹ. Ẹ kọ ẹsẹ méjèèjì yìí sí ibì kan. Àti ti ikú: ọdún 1987 ni ìjọba pa ọ̀daràn gbẹ̀yìn ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2012, Bẹ̀nẹ̀ wọ inú àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tó pa ìdájọ́ ikú rẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé adájọ́ kankan kò tún lè dá ikú fún ẹnikẹ́ni. Ní 2018, wọ́n yí ìdájọ́ àwọn 14 tó ṣẹ́kù padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Apànìyàn wà nínú àwọn tí wọ́n ti dá ikú fún. Adájọ́ tó kàwé títí irun fi funfun kò ní ẹ̀tọ́ láti pa apànìyàn, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí kò tíì fá irùngbọ̀n ní ẹ̀tọ́ láti pa olè fóònù? Ta ló fún un?

A ti gbọ́ èsì yín: «Bí a bá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, lọ́la yóò ti jáde.» Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló rí, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n kí ló mú un jáde? Nígbà púpọ̀, ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ kò wá jẹ́rìí. Ó ti rí fóònù rẹ̀ gbà, ó ti lọ sí ọjà. Adájọ́ kò lè fi ariwo ènìyàn tí kò sí níwájú rẹ̀ dá ẹjọ́. Bí ẹ bá ní agbára láti pé ọgọ́rùn-ún yí ènìyàn kan ká ní òru, ẹ ní agbára láti rán mẹ́ta lára yín lọ jẹ́rìí ní ọ̀sán.

A wá dé ibi tó ká wa lára jù. Àwọn baba wa tún ní: ẹni gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ní alẹ́ àná, ta ló rà á ní àárọ̀ yìí? Olè kò fi fóònù se ọbẹ̀. Ó tà á. Ẹnì kan wà tó rà á ní ìdajì ìdajì owó rẹ̀, tí kò béèrè ìwé, tí kò béèrè ṣájà, tó sì mọ̀ dáadáa ìdí tí kò fi béèrè. Alùpùpù tí wọ́n jí, ẹnì kan tú u palẹ̀, ó ta ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń dáwó níbi ìnáwó. A ń pè wọ́n ní ọ̀gá.

Òkú kì í dárúkọ ẹni tó rán an. Ẹ ro èyí dáadáa. Ọmọ olè tí ẹ fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lè la ẹnu, kí ó sọ pé lágbájá ló ń rà á lọ́wọ́ mi, tàmẹ̀dù ló yá mi ní ọ̀bẹ. Ọmọ olè tí ẹ sun ti di eérú pẹ̀lú orúkọ gbogbo wọn. Nítorí náà nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ ẹni tó ń ké jù lọ pé «ẹ sun ún, ẹ má jẹ́ kó sọ̀rọ̀», ẹ yí padà, kí ẹ wo ojú rẹ̀. A kò ní gbogbo ẹni tó ké ni ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ní kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí àwọn tó ń sọ pé àwọn ará Nàìjíríà ni gbogbo olè. Ibodè sún mọ́ wa, olè ń kọjá lọ, olè ń kọjá bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Nàìjíríà ti ibodè pa mọ́ wa, wọ́n ní àwa là ń gba ọkọ̀ tí wọ́n jí lọ́dọ̀ wọn sílé. Lẹ́yìn náà ni ibodè tó ṣí. Nígbà náà, àwọn ló ń pè wá ní ilé olè. Ẹnu wo la ó wá fi pe gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta àti Ìpọ̀kíá ní olè lónìí, nígbà tí ìdajì ìdílé wa wà níbẹ̀?

Kí ni kí a ṣe? Kì í ṣe nǹkan ìyanu. Òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti di ẹni tí ó ká mọ́ ibi mú, kí ó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ dì í mú. Ẹ jẹ́ kí àgbà méjì dúró tì í kí ẹnikẹ́ni má lù ú. Kí ẹnì kan kọ aago, ibi àti ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, ní Yorùbá bí Yorùbá ló mọ̀ ọ́n kọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ tẹ ìka sí ìwé Faransé, ẹ sọ pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún yín lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má sì tẹ ìka títí ẹ ó fi gbọ́ ọ yé. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gba ẹjọ́ yín àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá. Àwọn olórí àdúgbò, ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ikú àti ìbí sí. Ẹ fi ojú ewé kan kún un fún ohun tí wọ́n jí, kí ẹ máa kà á fún ìlú ní ìparí oṣù. Nígbà náà, bí ẹnì kan bá ní olè ti pọ̀ jù, a ó ní ohun tí a lè fi dá a lóhùn, tàbí ohun tí a lè fi gbè é lẹ́yìn.

Àti fóònù yín. Ẹ tẹ *#06# sí i. Nọ́ńbà kan tí ó ní fígọ̀ 15 yóò jáde. Nọ́ńbà fóònù náà fúnra rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti káàdì inú rẹ̀. Bí olè bá yọ káàdì sọnù, nọ́ńbà náà kò kúrò lára rẹ̀, òun sì ni ọlọ́pàá yóò béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ dà á kọ sínú ìwé lónìí, fígọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ilé ìwé bá yín wò ó bóyá ó pé 15. Kí ẹ wá fi ìwé náà sílé, nínú àpótí. Ẹ má ṣe ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù kan náà.